Kohei Uchimura: ṣé ọkùnrin kan tún wà nínú eré òkìtì tó ju ẹni yìí lọ?

Àjàní_Bódìjà (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀) | Ọjọ́ Ẹtì, 8:42 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la máa ń sọ níbí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ fún mi láyè lónìí. Láti àná ni èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ń wo ìdíje jimnásítíìkì ti Òlíḿpíìkì Rio 2016 lórí fóònù. Mi ò tíì lè gbé e kúrò lọ́kàn.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà: ohun èlò mẹ́fà ni àwọn ọkùnrin ń lò. Òkìtì títa lórí ilẹ̀, ẹṣin onídìmú, tí wọ́n ń fi ọwọ́ nìkan gbé gbogbo ara yípo lórí rẹ̀, òrùka méjì tó so rọ̀ láti òkè, tábìlì tí wọ́n ń sáré wá fò kọjá, ọ̀pá ìbejì, àti ọ̀pá gíga, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mítà mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ gba adé gbogboogbò gbọ́dọ̀ ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n wá ro máàkì rẹ̀ pọ̀.

Kohei Uchimura ti Jàpáànù gba adé yìí nínú ìdíje àgbáyé ní 2009, 2010, 2011, 2013, 2014 àti 2015. Ó gbà á ní Òlíḿpíìkì London 2012, ó tún gbà á ní Rio 2016. Ẹ ka àwọn ọdún yẹn dáadáa. Láti 2009 títí dé 2016, kò sí ọdún kankan tí ẹlòmíràn rí adé yẹn gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún mẹ́jọ gbáko, nínú eré tí ọrùn ọwọ́ àti orúnkún ènìyàn kì í pẹ́ kí wọ́n tó máa ké ìrora!

Tèmi ni pé kò sí ọkùnrin tó ṣe eré yìí rí tó tó o. Ẹni tó bá ní ẹlòmíràn, kó mú un wá.

---

Ọmọ_Aláré_Ìjẹ̀bú | 9:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Àjàní, ẹ kú iṣẹ́. Mo mú ẹnì kan wá: Vitaly Scherbo, ọmọ Belarus.

Ní Barcelona 1992, Soviet Union ti tú ká, púpọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó jáde láti inú rẹ̀ ṣì kóra jọ bí ẹgbẹ́ kan fún ìgbà ìkẹyìn. Wúrà mẹ́fà ni Scherbo kó lọ sílé. Mẹ́fà, nínú mẹ́jọ tó wà nílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin! Ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ, ni ó gba mẹ́rin nínú rẹ̀: ẹṣin, òrùka, tábìlì, ọ̀pá ìbejì. Tí ẹ bá ro ìdíje àgbáyé mọ́ ọn, kò sí ohun èlò kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ọkùnrin yẹn kò gba wúrà lórí rẹ̀ rí.

Uchimura ńkọ́? Wúrà Òlíḿpíìkì mẹ́ta àti fàdákà mẹ́rin ni gbogbo tirẹ̀. Sawao Kato, ọmọ Jàpáànù bíi tirẹ̀, gba wúrà mẹ́jọ. Nikolai Andrianov ti Soviet Union gba àmì ẹ̀yẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wúrà méje ló wà nínú rẹ̀. Ibo ni ẹni tó ní mẹ́ta ti fẹ́ gba iwájú ẹni tó ní mẹ́jọ?

---

Tísà_Eré | 9:31 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní eré ìdárayá, lórí iyanrìn àti lórí fóòmù tó ti gbó.

Àbúrò mi Ọmọ_Aláré, òótọ́ ni iye tí o kà, kò sí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àmọ́ kíka wúrà nìkan á ṣì wá lọ́nà. Nígbà Scherbo, máàkì mẹ́wàá ni òpin, ẹni tó bá sún mọ́ mẹ́wàá jù ló gbà á. Láti 2006 ni wọ́n ti pa ìyẹn tì. Máàkì méjì ni wọ́n ń ro pọ̀ báyìí. Àkọ́kọ́ ni ti bí ohun tí o ṣe ṣe le tó, kò sì lópin, bí o bá ṣe lè gbé e tó ni wọ́n á ṣe san án fún ọ. Èkejì ni ti bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ṣe gún tó: mẹ́wàá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ tí kò nà, wọ́n yọ ọ́. Orúnkún tó ya ara wọn, wọ́n yọ ọ́. Bí o bá ṣubú, máàkì kan odidi ti lọ nìyẹn.

Kí ló tẹ̀yìn ẹ̀ yọ? Nǹkan tí kò lópin ló ń pa ara. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wá yan ohun èlò kan tàbí méjì, wọ́n kó gbogbo agbára lé e. Ẹni tó ń ṣe òrùka nìkan á ní apá bí ẹsẹ̀ erin. Ẹni tó ń ṣe ẹṣin nìkan kò nílò kó máa fi orúnkún balẹ̀ gbì-gbì lójoojúmọ́. Àsìkò yìí gan-an ni Uchimura fi orí kunkun sọ pé òun ò ní ṣe ẹyọ kan, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni jimnásítíìkì. Kò sinmi níbẹ̀: láti ìparí 2008 títí wọ 2017, ogójì ìdíje adé gbogboogbò ló borí léraléra, ti ilé àti ti òkèèrè.

Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń balẹ̀. Ẹni tó ta òkìtì méjì lókè tó tún ń yí bí òkòtó, ilẹ̀ ní láti ta á dànù síwájú tàbí sẹ́yìn, ìwọ̀n ara ni. Tirẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì á lẹ̀ mọ́ fóòmù bí ẹyẹ tó bà lé àtè. Orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, apá á nà, ó tán. Mo ti fi han àwọn ọmọ mi ní kíláàsì, tí mo bá ní kí wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á ní fóònù ló há.

---

ÌyáTáyé_Lọ́ńdọ̀nù | 10:12 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ sọ tèmi, torí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kórìíra ọmọkùnrin yìí.

Nígbà London 2012, ilé wa ní Peckham kún fọ́fọ́, gbogbo wa ń wo ìdíje ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin. Láti 1912 ni àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ti gba àmì ẹ̀yẹ kankan nínú ìdíje ẹgbẹ́. Ó ku ẹṣin fún Jàpáànù, Uchimura ló sì gùn ún kẹ́yìn. Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tàsé, ara rẹ̀ wọ́, ó kàn fi ọgbọ́n bọ́ sílẹ̀ ni. Àwọn adájọ́ kò ka ìsọ̀kalẹ̀ yẹn sí rárá. Jàpáànù di ipò kẹrin, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba fàdákà, Ukraine gba idẹ. A pariwo, a gbá ara wa mọ́ra!

Àfi bí àwọn Jàpáànù ṣe ní àwọn ò gbà. Àwọn adájọ́ tún fídíò wò, wọ́n fi máàkì 0.7 kún ti Uchimura. Jàpáànù fò láti ipò kẹrin sí fàdákà, tiwa di idẹ, Ukraine lọ lọ́wọ́ òfo. Mo bínú débi pé mi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọkọ mi rí tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje adé gbogboogbò gbà níbi iṣẹ́. A lọ sí North Greenwich, a jókòó sókè téńté níbi tí èèyàn ti ń rí bíńtín. Mo ti pinnu pé mi ò ní pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀yin èèyàn mi, nígbà tó dé orí ọ̀pá gíga, gbogbo apá ọ̀dọ̀ tiwa pa lọ́lọ́. Ẹ̀ ń gbọ́ bí ọ̀pá yẹn ṣe ń tẹ̀ tó ń ké, wììn, wììn. Ó jọ̀wọ́ ọ̀pá, ó lọ sókè, ó yí, ó tún nawọ́ mú un bí ẹni tó na ọwọ́ mú ife omi lórí tábìlì. Kí n tó mọ̀, mo ti dìde dúró. 92.690 ló gbà, Marcel Nguyen ará Jámánì tó ṣe ìkejì ní 91.031. Nínú eré tí wọ́n ń fi máàkì ìda kan nínú mẹ́wàá gba ife, ẹ wo àlàfo yẹn.

---

Àjàní_Bódìjà | 10:40 alẹ́

Màmá Táyé, ẹ ṣeun gan-an. Ọkàn ọmọ mi fà sí ibi ife omi yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kún un. Ìlú Kitakyushu ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ kẹta oṣù kìíní 1989, Isahaya ní ìpínlẹ̀ Nagasaki ló sì ti dàgbà. Bàbá àti ìyá rẹ̀, Kazuhisa àti Shuko, eléré jimnásítíìkì làwọn méjèèjì, wọ́n sì ní ibi ìkọ́ni tiwọn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó fi ilé sílẹ̀ lọ sí Tokyo kó lè máa ṣe ìdánrawò pẹ̀lú Naoya Tsukahara, ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ Jàpáànù tó gba wúrà ní Athens 2004. (Bàbá Naoya yìí, Mitsuo, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe oríṣi fífò tábìlì kan títí dòní.)

Beijing 2008, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Orí ẹṣin ló ti já bọ́, ó bọ́ sísàlẹ̀ pátápátá láàárín àwọn mẹ́rìnlélógún tó ń du adé. Ohun èlò mẹ́rin ṣì kù. Ó ń gun òkè bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi parí sí ipò kejì, lẹ́yìn Yang Wei ti Ṣáínà. Láti ọjọ́ náà lọ, ó tó 2017 kí ẹnikẹ́ni tó tún rí ẹ̀yìn rẹ̀.

---

ÌyáTáyé_Lọ́ńdọ̀nù | 10:47 alẹ́

Ìyá rẹ̀ yẹn! Ẹ wò ó nínú èrò nígbàkigbà tí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣeré, ó ń kígbe, ó ń ju abẹ̀bẹ̀, nígbà míì kò lè wò ó. Mo mọ ìyá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo rí i nínú dígí.

Ohun kan ló ń dá mi lágara nípa rẹ̀: kò fẹ́ràn ẹ̀fọ́ rárá, ṣokoléètì ló ń jẹ. Mi ò ní jẹ́ kí àwọn ìbejì mi gbọ́.

---

Ọmọ_Aláré_Ìjẹ̀bú | 11:15 alẹ́

Mo ń ka gbogbo rẹ̀, mo sì ń kọ́ ẹ̀kọ́. Àmọ́ ẹ gbà mí láyè kí n béèrè ohun tó wà lọ́kàn mi látọjọ́ pípẹ́. Rio 2016: Oleg Verniaiev ọmọ Ukraine ló wà níwájú títí ó fi ku ohun èlò kan. Lójijì Uchimura fi 0.099 borí. Ṣé kì í ṣe pé orúkọ ló gbà á fún un? Adájọ́ náà èèyàn ni. Bí ọba bá ń bọ̀, ta ló máa ní kó yà fún ẹlòmíràn?

---

Tísà_Eré | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:20 àárọ̀

Ìbéèrè gidi ni, mo sì tìtorí ẹ̀ jí wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó pa pọ̀.

Ó ku ọ̀pá gíga. Verniaiev fi 0.901 ṣíwájú. Ìyẹn pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣubú kan. Uchimura ló kọ́kọ́ gun ọ̀pá. Kò dín ohunkóhun kù nínú èyí tó le, ó ń jọ̀wọ́ ọ̀pá, ó ń gbá a mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì í. Ìbalẹ̀ ìkẹyìn: ó balẹ̀, kò mì. Ẹsẹ̀ kan kò sún. 15.800.

Verniaiev wá nílò 14.899 péré kó lè bá a dọ́gba. Ó lè ṣe é. Ó lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó dín díẹ̀ lára ohun tó máa ń ṣe, nígbà tó sì balẹ̀, ó fò díẹ̀. 14.800. Ẹ yọ ọ́: 0.099. Ìfò kékeré yẹn nìkan tó 0.1, ó ju gbogbo ohun tó wà láàárín wọn lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ nìyí: 92.365 sí 92.266. Max Whitlock ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gba idẹ.

Nígbà tí wọ́n wá jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ẹnì kan bi Uchimura bóyá àwọn adájọ́ ń ṣe ojúsàájú sí i. Verniaiev, ẹni tó pàdánù, ló gba ọ̀rọ̀ náà, ó ní kò tọ́ kí wọ́n máa béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọgbẹ́ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀! Mo bọ̀wọ̀ fún ọmọkùnrin yẹn títí dòní.

Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló ti kọjá tí ọkùnrin kan ti gba adé Òlíḿpíìkì léraléra. Sawao Kato tí o dárúkọ lókè yẹn ló ṣe é kẹ́yìn, ní 1968 àti 1972.

---

Ọmọ_Aláré_Ìjẹ̀bú | 7:48 àárọ̀

Ẹ ṣeun, sà. Ti Rio, mo gbà. Ìṣirò kì í parọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, mi ò tíì fi Scherbo sílẹ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí. Ní ìparí 1995, ìyàwó rẹ̀ Irina ní ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó wà láàárín ikú àti ìyè. Scherbo pa ìdánrawò tì pátápátá, ó ń jókòó tì í. Nígbà tí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn ló tó padà sẹ́nu eré, oṣù díẹ̀ ló sì fi múra sí Atlanta 1996. Idẹ mẹ́rin ló gbà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọ ti wúrà mẹ́fà. Idẹ mẹ́rin yẹn ni èmi ń rántí.

---

Àjàní_Bódìjà | 8:03 àárọ̀

Mi ò gbọ́ èyí rí. O ṣeun tó o sọ ọ́. Ojú tí màá fi wo ọkùnrin yẹn ti yàtọ̀.

---

Bọ́sẹ̀_Yábàá | 9:26 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò tíì dé ibi tó dùn mí jù.

Lẹ́yìn Rio, ara bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀. Ní Montreal 2017, ó fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣèṣe níbi tó ti ń balẹ̀ láti orí tábìlì, bí okùn ogójì yẹn ṣe já nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni èjìká. Ẹni tó ti ń wí láti kékeré pé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni jimnásítíìkì wá ní láti fi márùn-ún sílẹ̀, ó di ọ̀pá gíga nìkan mú kó bàa lè dé Òlíḿpíìkì ilé baba rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù keje 2021, ní Tokyo. Mo jí wo ọjọ́ yẹn nítorí ọmọ wa Uche Eke, ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe jimnásítíìkì fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì. Inú mi dùn, mo gbé àsíá sórí tẹlifíṣọ̀n. Gbọ̀ngàn kan náà, ọjọ́ kan náà ni Uchimura gun ọ̀pá. Kò sí èrò nínú gbọ̀ngàn nítorí Kòrónà. Gbogbo fífò tó ń ba èèyàn lẹ́rù, ó ṣe é já. Ibi yíyí ara lásán lórí ọ̀pá, tí ọwọ́ kan ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ èkejì, ibẹ̀ ni ìdìmú ti yọ̀. Mo rí i tó dojú bolẹ̀ lórí fóòmù.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú á wo ẹ̀yìn. Ó dìde, ó tún gun ọ̀pá, ó parí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì balẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò wọ àṣekágbá. Daiki Hashimoto, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ Jàpáànù, ló gba adé gbogboogbò àti wúrà ọ̀pá gíga náà. Iye ọdún tí Uchimura jẹ́ ní Beijing gẹ́lẹ́.

---

ÌyáTáyé_Lọ́ńdọ̀nù | 10:02 àárọ̀

Bọ́sẹ̀, o fa omijé lójú mi ní Sátidé.

---

Àjàní_Bódìjà | 10:30 àárọ̀

Kò parí síbẹ̀, Bọ́sẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé ní Kitakyushu, ìlú tí wọ́n bí i sí. Ó wọ àṣekágbá ọ̀pá gíga. Ipò kẹfà ló ṣe. Ẹ lọ wo ìbalẹ̀ yẹn, ẹ dákun. Lẹ́yìn gbogbo èjìká tó ti jẹ, ó balẹ̀ kanlẹ̀, kò sún, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé wúrà ló gbà.

Oṣù kìíní 2022 ló kéde pé òun fẹ̀yìn tì. Ní oṣù kẹta, ó pe èrò jọ sí Tokyo fún ìdágbére, ó sì ṣe ohun èlò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò sí ẹni tó béèrè èyíkéyìí lọ́wọ́ rẹ̀, ì bá fi ọ̀pá gíga nìkan dágbére. Ó ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

---

Ọmọ_Aláré_Ìjẹ̀bú | 11:11 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ti Kitakyushu tán. Ẹ̀gbọ́n, Scherbo ṣì ni tèmi. Ṣùgbọ́n mo ti wo ìbalẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin.

---

Àjàní_Bódìjà | 11:34 àárọ̀

Ọmọ mi ti kó ìrọ̀rí mẹ́rin jọ sí pálọ̀. Ó ń fò láti orí àga, ó ń balẹ̀, ó ń na apá. Ó ní kí n máa ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ òun bá sún. Mo ti ka mọ́kànlá. Tísà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kó kọ́kọ́ kọ́?

---

Tísà_Eré | 11:52 àárọ̀

Kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé àga yẹn kúrò, kó máa fò láti orí àpótí kékeré. Ẹ kó ìrọ̀rí náà kúrò lórí táìsì, á yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, orí kápẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí. Kó kọ́ ìṣubú ná: tó bá rí i pé òun ń lọ, kó ká ẹ̀yìn, kó fi àgbọ̀n mọ́ àyà, kó yí gbìrì. Kó má ṣe na ọwọ́ sílẹ̀ láti gba ara rẹ̀ mú, ọrùn ọwọ́ ló máa ń kán. Ẹ fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.